Ọpẹ́ Kì í Ṣe Àbẹ̀tẹ́lẹ̀: Bí A Ṣe Ń Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Ọ̀gá Lẹ́yìn Ìgbéga

Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ ṣe àgbéyẹ̀wò bí ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní Lomé ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ lẹ́yìn ìgbéga. Olú ilé-iṣẹ́ báńkì Ecobank àti ti BOAD wà nílùú náà, nítorí náà ọmọ orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló ń pàdé lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀. Faransé ni èdè ìjọba. Éwè àti Mina ni ti ọjà àti àdúgbò. Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ wọ̀nyí:

(1) a. Ẹ ṣé, ọ̀gá. (Yorùbá)
b. Akpe. (Éwè)
d. Merci. (Faransé)

Kò sí ibi tí (1b) àti (1d) ti dárúkọ olùṣe. Ṣùgbọ́n a lè tú (1a) palẹ̀ sí “ẹ ṣe é”: arọ́pò-orúkọ ọlọ́wọ̀ ni olùwà, oore náà sì ni àbọ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ọ̀gá ló ṣe é. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń lọ́ra láti sọ ọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ló gbé àwọn ga. Èrò tiwa ni pé kí wọ́n dárúkọ ohun tí ọ̀gá ṣe gan-an:

(2) Ẹ ṣé tí ẹ kọ́ mi níṣẹ́, tí ẹ sì jẹ́rìí sí iṣẹ́ mi.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé “remercier”. Ó túmọ̀ sí “dúpẹ́ lọ́wọ́”, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń lò ó fún yíyọ ènìyàn níṣẹ́. Ẹni tó gbọ́ “on l’a remercié” lè máa yọ̀ níbi tó yẹ kó ti kẹ́dùn.

Ẹ̀bùn ńkọ́? Ẹ wo ìhun ọ̀rọ̀ yìí:

(3) à + bẹ̀ + tẹ́lẹ̀ → àbẹ̀tẹ́lẹ̀

Ohun tí a fi bẹ ènìyàn kí ọ̀rọ̀ tó délẹ̀ ni. “Tẹ́lẹ̀” ló yà á sọ́tọ̀, nítorí ẹ̀yìn oore ni ọpẹ́ ń wá. Síbẹ̀, ẹ̀bùn ńlá lẹ́yìn ìgbéga òní lè di ẹ̀bẹ̀ fún ti ọ̀la. Òfin ọdún 2015 ló dá HAPLUCIA sílẹ̀ ní Tógò láti gbógun ti ìwà àjẹbánu.

Ní ìparí, àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Ọpẹ́ ni wọ́n wí. Wọn kò ní kó ru ẹrù lọ.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ tú “ẹ ṣeun” palẹ̀ bí a ṣe tú (1a).