Ibi Tí Mo Fò Nínú Bíbélì

ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀, ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá
Bíbélì kíkà: Léfítíkù 13:1-8, Máàkù 1:40-45

Ẹ kú ìmúra ìsìn àìsùn alẹ́ òní. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti wà lọ́jà Tẹ́júoṣó láti ìdájí, àwọn mìíràn sì wà nínú mọ́tò tí kò kúrò lójú kan lábẹ́ bíríìjì Ojú Ẹlẹ́gbà. Bí ẹ ò bá ráyè kà á tán báyìí, ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá jókòó. Ti òní gùn díẹ̀. Ìṣirò ọdún ni mo fẹ́ ṣe pẹ̀lú yín, ara èmi fúnra mi ni mo sì ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbi àìsùn èṣí á rántí. Wọ́n ní kí kálukú kọ ohun tó fẹ́ ṣe lọ́dún tuntun sínú ìwé pélébé, ká gbé e sókè, ká gbàdúrà lé e lórí. Mo kọ tèmi: màá ka Bíbélì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, màá sì ka ìwé mẹ́rìnlélógún mìíràn, méjì méjì lóṣù. Wọ́n fún mi ní máíìkì, mo kà á jáde, ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo tilẹ̀ ní kí àwọn ọ̀dọ́ bi mí léèrè tí ọdún bá parí. Wọn ò bi mí. Bóyá wọ́n ti gbàgbé, bóyá ojú ló ń tì wọ́n fún mi. Ẹ jẹ́ kí n kúkú dáhùn.

Ìwé mẹ́rìnlélógún di méje. Ọ̀kan nínú méje yẹn ni ìwé tí Fágúnwà kọ́kọ́ kọ, èyí tó jáde lọ́dún 1938. Ọwọ́ ẹni tó ń pàtẹ ìwé àlòkù ni mo ti rà á. Arákùnrin kan bi mí bóyá ó yẹ kí ajíhìnrere máa ka ìtàn iwin àti ọdẹ. Mo ní kóun náà kọ́kọ́ kà á ná, ká tó jíròrò. Òmíràn ni ìwé John Bunyan, tí àwọn bàbá wa mọ̀ sí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Nígbà tí mo ń ṣe dípúlọ́mà ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀, mo dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀ nínú ìdánwò, mo sì yege, bẹ́ẹ̀ ni mi ò ṣí i rí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ó pọ̀ nínú ìwé tí àwa oníwàásù ń sọ̀rọ̀ lé lórí tó jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan la mọ̀.

Ti Bíbélì ló wá dùn mí jù. Orí 1,189 ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ parí rẹ̀ láàárín ọdún kan á máa ka orí mẹ́ta lójúmọ́, á tún máa fi díẹ̀ lé e. Jẹ́nẹ́sísì yá, ìtàn ni. Ẹ́kísódù náà yá títí mo fi dé ibi tí wọ́n ti ń wọn aṣọ àgọ́. Nígbà tó di oṣù Kẹta mo dé Léfítíkù orí 13: ẹsẹ 59, ọ̀rọ̀ ẹ̀tẹ̀, eéwo, ojú àpá, irun tó di funfun. Alẹ́ ti lẹ́, wọ́n ti mú iná lọ, iná fóònù ni mo fi ń kàwé, bátìrì sì ti ń kú lọ. Mo wí fún ara mi pé àrùn ara àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ò kàn mí. Mo fò ó. Mo fo 14, mo fo 15. Ẹni tó bá ti fo ẹyọ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa yá sí i ni. Kó tó di Àjíǹde, mo ti ń fàmì sí orí tí mi ò kà nínú ètò ìwé kíkà mi.

Èyí tó wúwo lọ́kàn mi jù rèé: mi ò dá àṣàrò dúró. Àràárọ̀ ni mo ń fi ránṣẹ́ sí yín. Àwọn àárọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ẹsẹ méjì tí mo kọ sókè yẹn nìkan ni mo kà. Ohun tí mo ti mọ̀ láti ọdún pípẹ́ ni mo fi dí ìyókù. Ẹ dárí jì mí.

Nínú oṣù Kẹfà, owó kan sọnù nínú ẹgbẹ́ kékeré kan tí mo jẹ́ ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà. ₦45,000 ni, owó tí a dá jọ fún opó kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá wa tọ́jú ẹ̀rọ ohùn ló jáde kẹ́yìn nínú yàrá lálẹ́ ọjọ́ náà. A pè é, ó ní òun ò rí owó kankan. Láàárín wákàtí kan a ti parí ìpàdé. A ní kó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kó má wá mọ́ títí a ó fi ránṣẹ́ pè é. Èmi náà wà níbẹ̀. Mi ò jágbe mọ́ ọn, àmọ́ nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn nawọ́, mo nawọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà la rí owó náà nínú àpòòwé tí wọ́n kó ìwé ètò ìsìnkú kan sí. Ẹnikẹ́ni ò jí i. A fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin náà pé ọ̀rọ̀ ti yanjú, kó máa bọ̀. Kò dáhùn, kò sì wá.

Ó di oṣù Kẹsàn-án. Màmá kan wà lórí ìkànnì wa yìí, èlò ọbẹ̀ ni wọ́n ń tà. Wọn ò rí ilé ìwé lọ ní kékeré. Ẹnu àìpẹ́ yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àgbà, wọ́n kọ́ a, b, d, wọ́n kọ́ bí a ṣe ń so ọ̀rọ̀ pọ̀, wọ́n wá ní ìwé Máàkù làwọn fẹ́ kọ́kọ́ fojú ara àwọn kà. Ìka ni wọ́n fi ń tọ ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n ka ìparí orí kìíní, níbi tí Jésù ti wo adẹ́tẹ̀ sàn, tó ní kó lọ fi ara rẹ̀ han àlùfáà, kó sì rú ẹbọ tí Mósè pa láṣẹ, wọ́n fi voice note ránṣẹ́ sí mi: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Ajíhìnrere mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni Mósè ní kí wọ́n ṣe gan-an?”

Mo mọ ibi tó wà. Mo lè sọ orí rẹ̀ lójú oorun. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni mi ò mọ̀. Mo ní kí Màmá fún mi di alẹ́, mo sì padà síbi tí mo fò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí Léfítíkù 13 kí ẹ bá mi wò ó. Bí àmì kan bá yọ lára èèyàn, tí kò sì hàn kedere, àlùfáà ò lẹ́tọ̀ọ́ láti dájọ́ lójú ẹsẹ̀. Yóò ní kí ẹni náà dúró lọ́tọ̀ fún ọjọ́ méje. Ní ọjọ́ keje, òun fúnra rẹ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tàn kálẹ̀, ọjọ́ méje mìíràn. Á tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá ti ń pa rẹ́, èépá lásán ni. Ẹni náà á fọ aṣọ rẹ̀, ó di mímọ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlá, ará mi, kí orúkọ èèyàn kan má bàa bàjẹ́ lórí èépá! Àlùfáà ò gbọ́dọ̀ fi ohun tí aládùúgbò sọ ṣe é. Ojú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi rí i, ó sì gbọ́dọ̀ wò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Wákàtí kan ni àwa fi ṣe tiwa.

Mo wá ka orí 14. Ẹsẹ kẹta ló mú mi. Nígbà tí adẹ́tẹ̀ bá sàn, kì í ṣe pé wọ́n á ránṣẹ́ pè é wọlé. Àlùfáà ni yóò jáde kúrò nínú ibùdó lọ bá a níta, níbi tó wà. Ẹ tún wo ẹsẹ 21: bí ẹni náà bá jẹ́ tálákà, wọ́n dín ohun tí yóò mú wá kù fún un, kí àìlówó má baà dènà ìpadàbọ̀ rẹ̀. Àwa tẹ́ẹ̀sì ni a fi ránṣẹ́.

Mo pa Bíbélì dé. Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nínú oṣù Kẹwàá mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní apá Lawanson. Ó fún mi ní àga, ó parí fóònù tó ń tún ṣe kó tó gbójú sókè. Mo tọrọ àforíjì. Ó ní, “Ajíhìnrere, ẹ̀yin gan-an, ṣé ẹ rò pé mo jí i?” Mo sọ òótọ́ fún un: mi ò ronú kankan, mo kàn fẹ́ kí ìpàdé parí kí n máa lọ sílé. Ó dákẹ́ títí. Ó ní òun ti gbọ́. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta báyìí. Kò tíì padà wá, mi ò sì fi ipá mú un. Ìdájọ́ tí a yára ṣe ni. Ẹ jẹ́ kí òun fara balẹ̀ ṣe tirẹ̀.

Ọjọ́ òní náà ni ìrántí ikú bàbá kan tí ó yẹ ká mẹ́nu kàn. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891 ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther kú nílùú Èkó níbí. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn. Ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́dún 1822, wọ́n gbé e dé Sàró, àkọsílẹ̀ òun fúnra rẹ̀ sì fi hàn pé láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà ó ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun. Lọ́dún 1850 ni ìwé Róòmù jáde ní èdè Yorùbá láti ọwọ́ rẹ̀. Odindi Bíbélì ò jáde títí di ọdún 1884. Ẹ ṣírò rẹ̀, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́. Ohun tí mo rò nípa rẹ̀ ni pé ẹni tó ń túmọ̀ ìwé ò lè fò. Ẹnì kan jókòó ti Léfítíkù 13 yìí, ó wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún eéwo, fún èépá, fún àpá, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí Màmá lè fi ìka tọ̀ ọ́ lóde òní.

Nítorí náà ìwé pélébé tèmi lálẹ́ òní ò ní gùn. Orí 260 ló wà nínú Májẹ̀mú Tuntun. Márùn-ún lọ́sẹ̀, Ọjọ́ Ajé sí Ẹtì, ọ̀sẹ̀ 52, ó pé géérégé. Sátidé àti Sọ́ńdè wà fún ẹni tó bá ṣẹ́yìn. Orí kan ò gba ju ìṣẹ́jú bíi márùn-ún. Hódóòpù láti ibí dé CMS nìkan gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni ìwẹ̀fà ará Etiópíà ti ń ka Àìsáyà ní Ìṣe Àwọn Àpósítélì 8, kò sì tijú láti sọ pé kò yé òun. Ẹ̀yin awakọ̀ o, mi ò ní kí ẹ kàwé lórí ìrìn! Kí ọmọ yín kà á fún yín nílé.

Èmi àti Màmá á tún máa ka Léfítíkù, orí kan lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ti ìwé mìíràn, mi ò kọ iye. Tí mo bá parí ọ̀kan, màá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín, ẹ sì lè bi mí ní ìbéèrè. Mi ò ní fi àṣàrò ránṣẹ́ mọ́ lórí orí tí mi ò kà tán. Ní àárọ̀ tí ẹ ò bá rí nǹkan kan, ẹ mọ̀ pé mo ṣì ń kà á.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà: Olúwa, dárí ìkánjú wa jì wá. Rántí ọmọkùnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lónìí, bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àmín.

A ò ní bẹ̀rẹ̀ láti Mátíù. Máàkù orí kìíní ni ti Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, aago mẹ́fà àárọ̀, Màmá ló sì máa kà á fún wa nínú voice note. Láti ìjẹta ni wọ́n ti ń múra rẹ̀. Á pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó kà á tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe sáré rẹ̀ síwájú.