Wáyà Jíà Kẹ̀kẹ́ àti Àkọ̀ Rẹ̀

Ààlọ́ o! Ààlọ̀! Ejò tẹ́ẹ́rẹ́ wọ ihò tẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ mi, ìrù rẹ̀ ń darí ṣéènì lẹ́yìn. Kí ni o?

Wáyà jíà kẹ̀kẹ́ ni. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó ní jíà pọ̀ nílé wa, ọlidé sì ń bọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi mú ẹ̀kọ́ yìí wá.

Rọ́bà dúdú tí wáyà ń gbà kọjá ni mo pè ní àkọ̀, bíi àkọ̀ idà. Àwọn àgbà ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wáyà tó ti dípẹtà: bó ṣe ń ha inú àkọ̀ ni ìrìn tirẹ̀ náà ń le sí i.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé wáyà ẹ̀yìn ti fẹ́ ìtọ́jú? Ṣéènì á gun àwo eléyín ńlá, ṣùgbọ́n tó bá di kó sọ̀ sórí kékeré, ó di ìlọ́ra. Àtàǹpàkò yín ló ń fà á gòkè. Sípíríǹgì ló ń dá a padà, agbára sípíríǹgì ò sì tó ti àtàǹpàkò. Nítorí náà, ẹ má tíì bá jíà jà. Ẹ wo inú àkọ̀ ná.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí:

1. Ẹ fi jíà sí àwo tó kéré jù lọ kí wáyà lè dẹ̀. Ẹ tú nọ́ọ̀tì tó dì í mú lẹ́yìn, kí ẹ fà á yọ.

2. Ẹ fi àkọ̀ àtijọ́ wọn tuntun. Kátà tó mú ni kí ẹ fi gé e, kí ẹnu rẹ̀ tẹ́jú. Ihò inú rẹ̀ lè ti pa dé; ẹ fi abẹ́rẹ́ là á. Ẹ wá dé fìlà kékeré sí orí méjèèjì.

3. Ẹ kán epo fẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ sí ibi tí yóò wà nínú àkọ̀ nìkan. Ibi tó wà ní gbangba, ẹ fi í sílẹ̀ ní gbígbẹ, torí epo ń fa eruku. Ní Òkè Ọya tí a wà yìí, ẹ mọ ohun tí ọyẹ́ ń ṣe! Ẹ má lo epo pupa tàbí òróró o jàre; tó bá yá, wọ́n á dì bíi oje igi.

4. Ẹ ki wáyà láti ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kí orí rẹ̀ jókòó dáadáa sí ihò rẹ̀. Ẹ yí kókó tí à ń fọwọ́ yí wọlé tán, kí ẹ dá a padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fa wáyà le, kí ẹ dé nọ́ọ̀tì.

5. Ẹ dán an wò. Bí ṣéènì bá ń lọ́ra láti gòkè, ẹ yí kókó náà síta díẹ̀. Bó bá ń lọ́ra láti sọ̀, ẹ yí i wọlé. Ẹ gé ìrù wáyà tó ṣẹ́ kù, kí ẹ dé e ní fìlà kó má baà tú.

Ìkìlọ̀: Àkọ̀ jíà àti àkọ̀ bíréèkì jọra lójú, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àkọ̀ jíà sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 4, irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ sì nà gbọọrọ. Àkọ̀ bíréèkì sábà máa ń jẹ́ 5, irin tirẹ̀ sì ká bíi sípíríǹgì. Bí ẹ bá fi ti jíà sí bíréèkì, irin inú rẹ̀ lè tú jáde lọ́jọ́ tí ẹ bá tẹ bíréèkì gan-an, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kí ló fẹ́ dá yín dúró nígbà náà? Bí ẹnikẹ́ni bá ní "ọ̀kan náà ni", ẹ ní kó gé e kí ẹ wo inú rẹ̀.

Ìbéèrè fún ìpàdé wa:
(a) Kí ló dé tí ṣéènì fi ń lọ́ra láti sọ̀ ju kó gòkè lọ?
(b) Kí ni ìyàtọ̀ àkọ̀ méjèèjì?
(d) Orúkọ Yorùbá wo lẹ lè fún kátà àti sípíríǹgì?