Ọwọ́ Tó Ń Se Sàárà: Ìmọ́tótó Nídìí Ìkòkò Ìṣínu



Nínú Ramadan kan, níbi tí a ti ń se oúnjẹ ìṣínu ní mọ́sálásí wa lápá Ọjà'ba, a rí ìyá kan tó ń gé ẹran. Ó fi àkísà di ìka tí ọ̀bẹ ti gé. A rọ̀ ọ́ pé kó fi ẹran sílẹ̀. Ojú tì í. Ó ní, "Ṣebí iná la ó gbé e kà? Kí ni kò ní kú níbẹ̀?"

Òótọ́ ni pé iná ń pa kòkòrò àrùn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó gé ẹran tútù náà ló máa ń pín ẹran díndín. Kòkòrò kan wà tí a ń pè ní Staphylococcus aureus. Ó ń gbé inú imú ọ̀pọ̀ èèyàn tí ara wọn le, ó sì máa ń pọ̀ nínú egbò. Bó bá bọ́ sínú oúnjẹ tí a gbé kalẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, yóò tu oró síbẹ̀. Bí a bá tún oúnjẹ náà gbé kaná, kòkòrò lè kú, ṣùgbọ́n oró rẹ̀ kò ní lọ. Ìdí nìyẹn tí èébì fi lè bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká mú nǹkan wọ̀nyí dání:

1. Ká fi ọṣẹ fọ ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Àlùwàlá tí a ṣe fún ìrun kò rọ́pò ọṣẹ.

2. Ká ki etí híjáábù bọ inú épúrọ̀nù, ká sì ká apá aṣọ sókè, kí iná má bàa mú un. A kì í wọ épúrọ̀nù lọ sílé ìtọ̀.

3. Ìbọ̀wọ́ tó kan owó, imú tàbí ẹran tútù ti dọ̀tí bí ọwọ́ lásán. Ká pààrọ̀ rẹ̀. Ká má sì wọ ti rọ́bà nídìí iná.

4. Ká bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́, ká gé èékánná.

5. Ẹni tó ní egbò lọ́wọ́, kó lẹ pílásítà tí omi kì í wọ̀, kó wọ ìbọ̀wọ́ lé e. Ẹni tó ń ṣu gbuuru tàbí tó ń bì, kó sinmi títí wákàtí 48 yóò fi kọjá lẹ́yìn tó dá.

Ẹ má gbàgbé omi. Ní ọ̀pọ̀ agboolé Bẹẹrẹ àti Beyerunka, kànga àti ṣáláńgá kò jìnnà síra. Omi àti oúnjẹ ẹlẹ́gbin ni onígbáméjì, tó wọ Nàìjíríà ní 1970, máa ń gbà ràn. Ká se omi mímu títí yóò fi hó.

Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti kọ́ wa láti fọ ọwọ́ nígbà tí a bá jí, àti láti bo ohun èlò oúnjẹ wa lóru. Ẹ̀sìn wa ti ṣíwájú wa nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìyá yẹn kò padà sílé. Òun ló ń to àwọn aláàwẹ̀ jókòó. Láàdá rẹ̀ kò dín, kò sì sí ẹni tí inú run.

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ àti sàárà wa. Àámín.