Ẹ Má Sanwó Họ́ọ̀lù Allen Lórí Fọ́tò

Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ ní Ìkẹjà kì í rójú. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fẹ́ ṣe ìpàdé gbogboogbò, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fẹ́ dìbò yan olóyè tuntun, iléeṣẹ́ fẹ́ kó àwọn tó ń bá a tajà jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì. Ẹni tí wọ́n bá ní kó wá ibi ìpàdé á ṣí fóònù, á bẹ̀rẹ̀ sí í wo fọ́tò: àga tí wọ́n fi aṣọ funfun bò, iná búlúù lókè àjà, òdòdó lórí tábìlì. Kó tó di alẹ́, ó ti fi ìdajì owó ránṣẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni sá fún Allen Avenue ní Ìkẹjà o. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Àbújá tàbí Port Harcourt á bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, kò sì ní gun Third Mainland Bridge kó tó dé ibẹ̀. Aláúsá tí ìjọba wà kò jìnnà, MAN House tó jẹ́ ilé ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ wà lójú ọ̀nà Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Láti ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2024 tí ọkọ̀ ojú irin Red Line ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Àgbàdo dé Oyìngbò, ọmọ ẹgbẹ́ tó ń gbé Agége tàbí Ìjú lè bọ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà láìrí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí họ́ọ̀lù fi pọ̀ ládùúgbò náà.  

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní họ́ọ̀lù, wọn ò kọ́ ọ fún ìpàdé. Òmíràn jẹ́ òkè pláásà tí wọ́n fi pákó pín sí mẹ́ta. Òmíràn jẹ́ ilé gbígbé tí wọ́n wó ògiri yàrá rẹ̀ palẹ̀. Bí ẹ bá sì yà sí Orẹ́gùn, Ọ̀gbà tàbí Ọba Akran, ẹ máa rí ilé ìkẹ́rùsí àwọn iléeṣẹ́ tó ti kógbá sílé, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà funfun, tí wọ́n sì fi AC sí. Ilé ẹrù ni wọ́n kọ́ ọ sí nígbà náà, ilẹ̀kùn ńlá kan tí tírélà ń gbà wọlé sì tó ẹrù. Fọ́tò kì í ya ìyẹn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí iye èèyàn. "Họ́ọ̀lù wa ń gba 150, mà," ni máníjà máa sọ. Kò parọ́. Ohun tí kò fi kún un ni bí àwọn 150 náà ṣe jókòó nígbà tó ń kà wọ́n. Tó bá jẹ́ àga lásán ni wọ́n tò bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan máa nílò nǹkan bíi mítà kan níbùú lóòró, tí a bá ka ọ̀nà àárín mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ ìpàdé tí wọ́n á ti kọ̀wé, tí tábìlì gbọ́dọ̀ wà níwájú oníkálukú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Tábìlì róbótó tí wọ́n fi ń jẹun wà láàárín méjèèjì.

Ẹ ò nílò okùn ìwọnlẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀. Táìlì ọ̀pọ̀ họ́ọ̀lù òde òní jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bàtà àgbà ọkùnrin méjì tí ẹ tò tẹ̀ léra ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó o, nítorí náà ẹ lè fi ẹsẹ̀ dán an wò bóyá kì í ṣe ti 40. Ẹ wá kà á láti ògiri dé ògiri. Ká ní táìlì 20 ló wà lóòró, 15 níbùú: mítà 12 sí 9 nìyẹn, 108 tí ẹ bá sọ ọ́ di ìlọ́po. Ẹ yọ ibi tí àwọn olóyè máa jókòó sí kúrò, ẹ yọ ibi tí wọ́n máa gbé oúnjẹ sí, ẹ yọ ẹnu ọ̀nà. Ó ku nǹkan bíi 85. Họ́ọ̀lù elérò 150 ti di ti èèyàn 85 tí wọ́n bá jókòó bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti 45 tí wọ́n bá fẹ́ kọ̀wé. Akọ̀wé tó bá mú ìṣirò yìí lọ́wọ́ ni máníjà máa ń pè wọ yàrá inú, tó máa ń ní "ẹ jẹ́ ká tún un sọ."

Ẹ̀yìn iye èèyàn ló kan ilẹ̀kùn, èmi ò sì ní yára kúrò lórí èyí. Lọ́jọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, iná ṣẹ́ yọ ní Afriland Towers ní Broad Street, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Iléeṣẹ́ panápaná ìpínlẹ̀ Èkó ní yàrá ìnfátà tó wà nísàlẹ̀ ilé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó kéré tán, èèyàn 10 ló kú, lọ́sàn-án gangan, lẹ́nu iṣẹ́, èéfín tó gun òkè lọ bá àwọn èèyàn ló sì ṣe èyí tó burú jù níbẹ̀. Kí ẹ wá ro ti pláásà alájà mẹ́rin ní Allen, tí bátìrì ìnfátà àti jẹnẹrétọ̀ jọ wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, tí àtẹ̀gùn ọ̀hún náà sì jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tí èèyàn lè gbà sọ̀ kalẹ̀. Bí ibi tí ẹ fẹ́ gbà bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ béèrè iye owó rẹ̀.

Èyí tó ní ilẹ̀kùn méjì náà kò tíì bọ́. Ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ní Boston, ní Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 1942, èèyàn 492 ló kú nígbà tí iná jó ilé ijó Cocoanut Grove. Ilẹ̀kùn wà níbẹ̀ dáadáa. Ti ẹnu ọ̀nà ńlá jẹ́ èyí tó ń yí po, èrò sì há sí i. Wọ́n ti àwọn mìíràn pa, àwọn mìíràn sì ń ṣí sínú, èyí tó túmọ̀ sí pé bí èrò ṣe ń tì í láti inú ni wọ́n ń ràn án lọ́wọ́ láti má ṣí. Ilẹ̀kùn tó bá máa ṣiṣẹ́ fún èrò gbọ́dọ̀ ṣí síta. Ní tiwa, nítorí olè, họ́ọ̀lù a máa fi páádì ti ti ẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló mú kọ́kọ́rọ́ ibí?"

"Bàbá géètì ni, sà. Wọ́n kàn jáde díẹ̀ ni."

Bí ìdáhùn bá rí báyìí lọ́jọ́ tí ẹ lọ wò ó, bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí lọ́jọ́ ìpàdé. Ẹ jẹ́ kó wọ inú ìwé àdéhùn pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn máa wà ní ṣíṣí láti àárọ̀ títí èrò á fi túká. Ẹ wo àgbá pupa tí wọ́n fi ń paná: ọwọ́ aago kékeré orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lójú àwọ̀ ewé, ọjọ́ tí wọ́n ṣàyẹ̀wò rẹ̀ kẹ́yìn sì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí iléeṣẹ́ panápaná àti ti Lagos State Safety Commission. Kò sí ìwọ̀sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ní in á mú un jáde. Ẹ tún béèrè bóyá LASEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, ti lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn wọn rí nítorí ariwo, torí họ́ọ̀lù tí ìjọba bá tì pa lọ́jọ́bọ̀ kò ní wúlò fún ìpàdé ọjọ́ Sátidé.

Ti iná mànàmáná wá ńkọ́? Wọ́n á ní, "Band A la wà." Ó dára. Nígbà tí àjọ NERC gbé owó iná Band A sókè lọ́jọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, wákàtí 20 lóòjọ́ ni wọ́n ṣèlérí. Wákàtí mẹ́rin ṣẹ́ kù, kò sì sẹ́ni tó búra fún yín pé òru ni wọ́n máa mú un. Nítorí náà, jẹnẹrétọ̀ ni kí ẹ bi wọ́n. Ẹ ka AC. Ọ̀kan tó jẹ́ 5 horsepower máa ń fẹ́ nǹkan bíi kìlówáàtì mẹ́rin ààbọ̀. Mẹ́fà á fẹ́ 27. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n kọ 30 kVA sí lára, kìlówáàtì 24 péré ló lè gbé, kí ẹ tó wá ka iná, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti projector. Ó ti hàn pé AC méjì tàbí mẹ́ta máa kú lọ́sàn-án, lẹ́yìn ìrẹsì, nígbà tí alága bá fẹ́ kí wọ́n dìbò. Ẹ ní kí wọ́n tan gbogbo AC, kí wọ́n wá pa iná NEPA lójú yín, kí ẹ sì dúró wò ó fún ìdajì wákàtí. Ẹ tún béèrè ẹni tó ń ra dísẹ́ẹ̀lì, nítorí àwọn kan wà tí owó họ́ọ̀lù wọn kò ju wákàtí mẹ́fà jẹnẹrétọ̀ lọ.

Ọjọ́ tí ẹ máa lò ó nínú ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ lọ wò ó, ní wákàtí yẹn gan-an. Allen ọ̀sán Túsìdeè kì í ṣe Allen ìrọ̀lẹ́ Fúráìdeè tí Aláúsá bá túká. Họ́ọ̀lù tó dákẹ́ rọ́rọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè lè jẹ́ pé pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló yà á kúrò lára èyí tí wọ́n ti ń ṣe ìyàwó lọ́jọ́ Sátidé; ẹ̀yin ń ka ìṣirò owó, wọ́n ń náwó fún onílù lódì kejì. Ẹ béèrè tààrà: "Ta ló gba ti ẹ̀gbẹ́ lọ́jọ́ yẹn?" Àwọn tó jọ wà nílé kan náà lẹ jọ máa pín àyè ìgbọ́kọ̀sí pẹ̀lú. Ọkọ̀ tí kò bá ráyè á dúró sójú títì, LASTMA tó ń darí ọkọ̀ á sì wá wọ́ ọ lọ, owó tí wọ́n bá bu lé e sì lè ju owó oúnjẹ ènìyàn mẹ́wàá lọ. Mo ti rí i tí ìpàdé dàrú nítorí pé ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó wá ti sáré jáde lọ tọ ọkọ̀ wọn lẹ́yìn.

Ó ku owó. Ejẹ́ńtì tó mú yín wọ họ́ọ̀lù, tó ń ṣí fèrèsé, tó ń tan iná bíi pé òun ló nílé, lè jẹ́ àlejò bíi tiyín. Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì ni kí ẹ wò. Tó bá jẹ́ orúkọ ẹnì kan, tí họ́ọ̀lù sì ń jẹ́ orúkọ iléeṣẹ́, ẹ dúró. Ẹ lè wo orúkọ iléeṣẹ́ náà lórí ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lọ bá ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ibẹ̀, kì í ṣe ẹni tó dúró sí géètì, kí ẹ ní kó ṣí ìwé ibi tó ń kọ ọjọ́ tí wọ́n ti gbà sí, kó kọ tiyín lójú yín.

Iye tí wọ́n bá pè, ẹ béèrè bóyá owó orí wà nínú rẹ̀. VAT jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù kejì ọdún 2020. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní òfin ọdún 2009 tó ń gba ìdá 5 lọ́wọ́ ẹni tó bá lo òtẹ́ẹ̀lì, ilé oúnjẹ tàbí ilé àpèjẹ. Mílíọ̀nù kan náírà tí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí ti di 1,125,000 náírà, akápò á sì máa wo akọ̀wé lójú. Owó caution tí wọ́n ń gbà nítorí ohun tó lè bàjẹ́ tún wà lọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n máa dá a padà sílẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò ògiri àti àga kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń gbowó lórí oúnjẹ tí ẹ bá gbé wá láti ìta. Kí olóúnjẹ yín má sì kó ike takeaway funfun wá o: ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de é láti oṣù kìíní ọdún 2024.

Àwọn tó ti sanwó kí wọ́n tó ka ìwé yìí, ẹ má wulẹ̀ jà. Ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí wọn lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ to ohun tí ẹ fẹ́ sínú rẹ̀: wákàtí tí ẹ máa wọlé tò ó, ìwọ̀n jẹnẹrétọ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọjọ́ tí caution máa padà. Bí wọ́n bá kọ̀, tí ẹ sì fẹ́ yẹ ọjọ́, òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 gbà kí èèyàn fagi lé ohun tó ti gbà sílẹ̀; iye tó bá bọ́gbọ́n mu nìkan ni wọ́n lè yọ, wọn ò lè gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ẹ tọ́jú rìsíìtì àti gbogbo ohun tí ẹ jọ kọ síra yín lórí WhatsApp. LASCOPA tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó kò jìnnà sí Allen, fọ́tò rìsíìtì yẹn sì ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa béèrè.