Agbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá: Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn Nínú Àwọn Ẹgbẹ́ Wa

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo àgbáyé. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a gba ẹ̀yin àti ara wa ní ìmọ̀ràn pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun, pàápàá níbi tí a bá ti ní agbára lórí ẹlòmíràn.

Ní Ìsẹ́yìn wa níhìn-ín, ìdì òwú kan sọnù níbi òfì. Ọ̀gá fi ẹ̀sùn kan ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀, ó sì mú ẹjọ́ wá síwájú ẹgbẹ́ tí àwa pẹ̀lú jókòó sí gẹ́gẹ́ bí àgbà. Ọ̀gá rojọ́, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Kò sí ẹni tí ó bi ọmọ náà léèrè ohunkóhun. Wọ́n nà án, a sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, a rí òwú náà nínú yàrá ọ̀gá fúnra rẹ̀, lábẹ́ ẹrù.

Àwọn baba wa ti sọ ọ́: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwa ni òwe náà bá wí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ọ̀rọ̀ àwọn lọ́yà Ìbàdàn àti Àbújá ni ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Lórí ẹní ìpàdé ni a ti ń tẹ̀ ẹ́ lójú. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 34, kọ ìfìyàjẹni àti ìwọ̀sí. Abala 36 sọ pé kí a gbọ́ ti ẹnu olúkúlùkù, àti pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí a fẹ̀sùn ọ̀ràn kàn títí ẹ̀rí yóò fi dè é. Ọlọ́pàá pàápàá, bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni abala 35 fún un láti gbé ẹni tí ó mú dé iwájú adájọ́. Bí òfin bá ká ọlọ́pàá lọ́wọ́ kò báyìí, ta ni ó fún ẹgbẹ́ ahunṣọ ní pàṣán?

Ẹ rántí Ànábì Dáúdà nínú Súrátù Sọ́ọ̀dù. Ẹni tí ó ní àgùntàn kan fi ẹjọ́ ẹni tí ó ní mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún sùn. Ànábì fèsì kí ẹnì kejì tó sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí ó mọ̀ pé ìdánwò ni, ó tọrọ àforíjì, ó sì forí balẹ̀. Ànábì Ọlọ́hun ni o, kì í ṣe alága ẹgbẹ́.

Ẹ rántí Hilf al-Fudul pẹ̀lú, kí iṣẹ́ Ànábì wa tó bẹ̀rẹ̀. Àlejò oníṣòwò kan láti Yemen kó ọjà wá sí Mẹ́kà. Al-As ọmọ Wail gbà á, kò sanwó. Àwọn ìdílé kan péjọ sí ilé Abdullahi ọmọ Judan, wọ́n búra pé àwọn yóò dúró ti ẹni tí a bá ṣe àbòsí sí, onílé tàbí àlejò. Ẹ wò ó, ẹgbẹ́ ni. Wọn kò sì fi mọ sí ìbúra: wọ́n lọ bá al-As, wọ́n gba ọjà náà padà fún oní-ǹkan. Ànábì wa wà níbẹ̀, ó sì ń yìn ín lẹ́yìn tí Ìsìláàmù dé.

Nítorí náà, a ń bẹ akọ̀wé gbogbo ẹgbẹ́, ahunṣọ, ọlọ́kadà, oníṣòwò, alásàlátù, pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé òfin wọn: ẹni tí a fẹ̀sùn kàn yóò sọ tẹnu rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dájọ́, ẹbí rẹ̀ kan yóò jókòó tì í, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ nà án. (Àwọn ìyá wa alásàlátù ti ń kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé sílẹ̀ ṣáájú wa, ẹ jẹ́ kí a lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn.) Kí wọ́n mú ìwé òfin náà wá sí mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àsárì, kí a jọ kà á.

A ti lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà àti bàbá rẹ̀. Bàbá dárí jì wá. Ọ̀gá ní kí ọmọ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ ní òun ṣì ń rò ó.