Kí Ẹ Tó Dá Ẹ̀dà Padà

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yin ọ̀kan nínú yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀dà 2.0 kan lábùkù, ó yáa fi “1:” síwájú 1.9, ó gbé e jáde. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ yá. Inú bí mi. Ta ló bi í léèrè ohun tí 2.0 ti fọwọ́ kàn lórí ẹ̀rọ àwọn èèyàn?

Ẹ ti mọ epoch, “1:” tó ṣíwájú nọ́ńbà yẹn. Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ Debian, bó bá ti wọlé, kò ṣeé yọ mọ́. Ọ̀nà kejì, “2.0+really1.9”, burẹ́wà lójú, àmọ́ òun á pòórá tí 2.1 bá dé. Nọ́ńbà kọ́ ni mo ń bá yín jà lé lórí. Dátà ni.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi kì í jẹ́ kí n dán ẹ̀dà àtijọ́ wò lórí ẹ̀rọ tí kò tíì sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Màá kọ́kọ́ gbé tuntun sí i, màá lò ó, màá kó nǹkan sínú rẹ̀, màá tún ètò rẹ̀ ṣe, kí n tó gbé ti àtijọ́ lé e. Tí mo bá ní ó ti wọlé láìjà, á ní: “Ṣé o ṣí i? Ohun tí o kó síbẹ̀ ńkọ́?” Ó máa ń sú mi. Báyìí, mo ń wá ẹni tí yóò béèrè bẹ́ẹ̀, n ò rí.

PostgreSQL 16 kì í gbà láti ṣí dátà tí 17 ti ṣètò. Á kọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn ṣàánú wa. Àwọn mìíràn á ṣí i, wọn á sì máa bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wo postinst náà, script tí dpkg ń lò lẹ́yìn tó bá ti gbé ẹ̀dà tuntun sórí ẹ̀rọ. Ìlà kan wà níbẹ̀ pé bí ẹ̀dà tó wà tẹ́lẹ̀ bá kéré sí 2.0, kó yí dátà padà. Lójú dpkg, 1:1.9 ju 2.0 lọ. Lọ́jọ́ tí 1:2.1 bá dé, ìlà yẹn á fò ó, dátà àtijọ́ á wà lábẹ́ ètò tuntun. “+really” náà kò yọ yín nínú èyí. Ẹ ní ẹ ó kọ 1:2.0 sí ìlà náà? Ẹni tó ti 2.0 fò sí 1:2.1 láìgba 1:1.9 ńkọ́? Dátà tirẹ̀ ti yí tẹ́lẹ̀, ẹ ó tún yí i lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ jẹ́ kí script náà ṣí dátà wò fúnra rẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án.