Owó Alágbàṣe Nígbà Tí A Bá Ti Ilẹ̀kùn Iṣẹ́ Lójijì

Ẹ̀kọ́ kíkà: Deuteronomi 24:14–15, Jakọbu 5:4.



Mose pàṣẹ pé kí oòrùn má ṣe wọ̀ kí a tó san owó alágbàṣe, nítorí pé owó ọjọ́ náà ni oúnjẹ ọjọ́ náà. Jakọbu pẹ̀lú kọ́ wa pé owó iṣẹ́ tí a fi èrú dá dúró a máa ké, Ọlọ́run a sì máa gbọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kan ìgbà tiwa. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Heritage Bank, iṣẹ́ báńkì náà sì parí. Bí èyí bá lè bá báńkì, ó lè bá ilé búrẹ́dì, ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá tàbí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn: òṣìṣẹ́ a jí dé ibi iṣẹ́, a sì bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà. Ǹjẹ́ àgádágodo náà pa gbèsè rẹ́ bí? Rárá o.

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ní abala 11, sọ iye ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ fi lọ òṣìṣẹ́ ṣáájú, bí àdéhùn kò bá ti sọ ọ́:

Ẹni tí kò tíì ju oṣù 3 lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ 1.
Ẹni tí ó ju oṣù 3 lọ tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 1.
Ẹni tí ó pé ọdún 2 tí kò tíì pé 5, ọ̀sẹ̀ 2.
Ẹni tí ó pé ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù 1.

Ìfilọ̀ tí ó bá tó ọ̀sẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ. Ẹni tí a kò fi lọ̀ lè béèrè owó ọjọ́ wọnnì, pẹ̀lú owó iṣẹ́ tí ó ti ṣe.

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti akọ̀wé ni òfin yìí wà fún. Ẹ̀yin olùkọ́, ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín ni odi yín. Ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Òfin Owó Ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sì wí pé níbi tí òṣìṣẹ́ bá tó 15, kí ọ̀gá fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún pamọ́ fún òṣìṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ fi ìdá 8 kún un. Ti òṣìṣẹ́ ni owó náà, kì í ṣe ti ọ̀gá.

Kí ni kí a ṣe?

(1) Ẹ tọ́jú ìwé ìgbanisíṣẹ́ àti ìwé owó-oṣù sí ilé, kì í ṣe sí ibi iṣẹ́.

(2) Bí ilẹ̀kùn bá tì, ẹ kọ orúkọ olúkúlùkù àti iye tí a jẹ ẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kí ẹ sì jùmọ̀ lọ. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà.

(3) Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tí ń bójútó ọ̀ràn iṣẹ́ lọ. Bí kò bá yanjú, Ilé-Ẹjọ́ Iṣẹ́ ti Orílẹ̀-Èdè ń jókòó ní Ìbàdàn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yìí kò mọ sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́. Àwa mìíràn nínú ìjọ ni ọ̀gá. Bí ọjà bá kùtà, kí a tètè sọ òtítọ́ fún àwọn tí ń bá wa ṣiṣẹ́, kí a san tiwọn ṣáájú kí a tó kó ẹrù wa. Ẹni tí ó bá sá fún wọn ní òru, tí ó sì wá jókòó síwájú ní ọjọ́ Ìsinmi, kí ó tún Jakọbu kà.

Ìbéèrè fún kíláàsì: Ta ni a jẹ lówó iṣẹ́ láàárín wa? Nígbà wo ni a ó san án?